Kí ló dé tí àgbàdo kò yọmọ lábẹ́ máńgòrò, tí kókò sì ń gbèrú níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Ìwó ni mo ti ń dáko, oko mi ò sì tóbi. Igi máńgòrò ńlá kan wà lápá kan rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ igi náà dúdú, ó lọ́ràá ju ti gbangba lọ, torí ewé tó ń jẹrà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Mo gbin àgbàdo síbẹ̀ nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ó ga lọ sókè, ó rí tínínrín, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò yọmọ. Àwọn tó yọmọ pàápàá, hóró wọn ò ju díẹ̀ lọ. Mo fi yúríà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ewé rẹ̀ dúdú sí i, ọmọ ò tibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ kókò tí n kò tilẹ̀ tọ́jú wà lábẹ́ igi kan náà, ewé rẹ̀ fẹ̀ rẹrẹ. Aládùúgbò oko mi ní nǹkan kan ń bẹ nínú igi yẹn, pé kí n gé e. Ṣé kí n gé e ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Màmá. Ẹ má gé igi yín. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ewé lọ, ewé náà ló sì ń gba oòrùn tó yẹ kí àgbàdo yín rí. Àgbàdo yín ò rí ìmọ́lẹ̀ tó, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, gíga àti títínrín àti àìyọmọ, ọ̀dọ̀ àìrímọ́lẹ̀ ni wọ́n ti wá. Kókò ò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ewé kókò mọ bí a ti ń fi díẹ̀ ṣe é. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ewé ń ṣe kò ní náwó sí yúríà níbi tí yúríà ò ti lè ràn án lọ́wọ́.

Púpọ̀ nínú wa ló gbà pé ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn ti ń jẹun, pé gbòǹgbò ni ẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàdo rìnhòòhò lọ sóko, ó kó igba aṣọ, igba ọmọ bọ̀ wálé. Níbo ló wá ti rí aṣọ? Níbo ló ti rí ọmọ? Hóró kan ṣoṣo lẹ rì mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ilẹ̀ ló ti kó gbogbo ẹrù yẹn, ó yẹ kí ibẹ̀ jìn kòtò nígbà tí ẹ bá kórè tán. Ẹ kò sì rí kòtò níbẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan ní Brussels, Jan van Helmont, ló fi òṣùwọ̀n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọn ilẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́ùn sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní willow, tó wúwo tó pọ́ùn 5, sí i, omi nìkan ló sì ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tó hú igi náà, ó ti di pọ́ùn 169. Ó sá ilẹ̀ inú ìkòkò gbẹ, ó tún un wọ̀n, ohun tó dín níbẹ̀ kò ju nǹkan bí áúńsì 2 lọ. Ọdún 1648 ni wọ́n tẹ ìwé tó kọ ọ́ sí jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Van Helmont gbà pé omi ló di igi. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kó ipa tó pọ̀ jù, kò sì ronú kàn án. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ààrò yín. Ẹ dá odidi ẹrù igi kan, eérú tó máa kù nílẹ̀ kò lè kún igbá. Eérú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí igi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìyókù tó jó lọ, inú afẹ́fẹ́ àti omi ló ti wá, ibẹ̀ ló sì padà sí. Àgbàdo náà ò yàtọ̀. Bí ẹ bá sá a gbẹ tán, nínú ìwọ̀n rẹ̀, ohun tó ti inú ilẹ̀ wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Inú ewé ni afẹ́fẹ́ ti ń di oúnjẹ. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì ń pè ní photosynthesis nìyẹn, àwọn ọmọ yín á ti kọ́ ọ níléèwé. Gbòǹgbò á fa omi gòkè, ewé á gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide wọlé, ìmọ́lẹ̀ á bá wọn níbẹ̀. Carbon dioxide ṣọ̀wọ́n púpọ̀: nínú afẹ́fẹ́ tí a bá pín sí 10,000, bíi 4 péré ni tirẹ̀, nígbà tí ti ọ́ksíjìn tó 2,100. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, mo máa padà sí wọn. Kílórófíìlì, ohun tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà, pàápàá jù lọ èyí tó pupa àti èyí tó jẹ́ búlúù nínú oòrùn. Agbára tó rí gbà níbẹ̀ ló fi ń ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ́ksíjìn inú omi á bọ́ síta, òun ni èmi àti ẹ̀yin ń mí sínú. Ewé á wá so háídírójìn tó kù mọ́ kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́, ìyẹn á sì di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ohun ọ̀gbìn fi ń ṣe gbogbo ara rẹ̀, látorí iṣu tó ta sínú ebè títí dé epo inú ẹyìn. Dókítà ará Netherlands kan, Jan Ingenhousz, ló fi hàn ní 1779 pé bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, iṣẹ́ náà ò ní ṣeé ṣe. Ó ki ewé bọ inú omi, ó gbé e sójú oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ń yọ wóró-wóró lára ewé nínú omi náà. Nígbà tó gbé e sókùnkùn, kò yọ mọ́.

Ibi tí yúríà yín bọ́ sí nìyí. Náítírójìn ló wà nínú yúríà. Kílórófíìlì kọ̀ọ̀kan ní mágnísíọ̀mù ẹyọ kan láàárín, náítírójìn mẹ́rin ló sì yí i ká, nítorí náà ewé tó bá rí náítírójìn á dúdú dáadáa. Òótọ́ ni yúríà yín ṣiṣẹ́, ojú yín kọ́ ló tàn yín. Ṣùgbọ́n kílórófíìlì tó pọ̀ sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí i kò ní ohun tó máa gbà. Ilẹ̀ tí ẹ tilẹ̀ bù ú sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já ewé àgbàdo kan àti ewé kókò kan, kí ẹ gbé wọn dúró lójú oòrùn kí ẹ lè wò wọ́n kọjá. Nínú ewé àgbàdo, ẹ óò rí iṣan tó tò láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n sún mọ́ra débi pé ẹ ò ní lè kà wọ́n. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, ẹ óò rí i pé láàárín iṣan kan àti èkejì, sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara ewé, bíi méjì péré ló ń wà níbẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Ewé kókò ní tirẹ̀, iṣan ńlá díẹ̀ ló pín jáde láti ibi tí igi rẹ̀ ti so mọ́ ọn, gbogbo ibi tó kù sì tẹ́jú fẹrẹgẹdẹ. Ẹ da omi díẹ̀ sórí rẹ̀. Omi náà á ṣùjọ, á yí gbirigbiri, á bọ́ sílẹ̀, ewé ò sì ní tutù. Ohun tó wúlò gan-an nìyẹn fún ewé tó ń gbé ibi tí òjò ń kán sí lórí láti ara igi lẹ́yìn tí òjò ti dá: ojú rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, erùpẹ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn láti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo ewé ẹ̀gẹ́ tó wà létí títì tí wọn ò da ọ̀dà sí nígbà ọyẹ́, kí ẹ rí ohun tí eruku ń fi ewé ṣe.

Ewé pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí a ti kọ́ ilé wọn jọra. Wọ́n fẹ̀ kí oòrùn lè bà wọ́n, wọ́n sì fẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè tètè dé inú wọn. Awọ òkè wọn mọ́ gaara, ó ní ọ̀rá tó bò ó kí omi má baà fà lọ. Nínú ewé máńgòrò tàbí ti ẹ̀wà, abẹ́ awọ yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì gígùn wà tí wọ́n dúró ṣánṣán, tí wọ́n kún fún kílórófíìlì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn tú ká, àlàfo wà láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Ìdí nìyẹn tí òkè ewé máńgòrò fi dúdú ju abẹ́ rẹ̀ lọ. Lójú abẹ́ yẹn ni àwọn ihò kéékèèké wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ojú lásán ò lè rí wọn, lórí ibi tí kò ju orí pínnì lọ wọ́n lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Sẹ́ẹ̀lì méjì-méjì ló ń ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣí i, tí wọ́n ń tì í.

Wàhálà ewé sì wà lójú ihò yìí. Bí ó bá ṣí i kí carbon dioxide lè wọlé, omi á gba ibẹ̀ jáde. Kí àgbàdo tó lè ní ìwọ̀n kílò kan lára lẹ́yìn gbígbẹ, omi tó gba ara rẹ̀ kọjá lọ sínú afẹ́fẹ́ máa ń ju igba kílò lọ. Bí ó bá ti ihò náà pa nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, omi á dúró, ṣùgbọ́n ebi á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò bá dá tí ẹ rí i tí àgbàdo ká ewé rẹ̀ lọ́sàn-án, ohun tó ń sá fún nìyẹn: ó ń dín ojú tí oòrùn ń bà kù.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ewé tó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú ewé, tó ń mú carbon dioxide wọnú iṣẹ́ ṣúgà, Rubisco lorúkọ rẹ̀, kò yára, kò sì gbọ́n tó bí a ṣe lè rò. Láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, bíi mẹ́ta péré ló ń mú. Èyí tó tún wá burú ni pé ó máa ń ṣi ọ́ksíjìn mú dípò carbon dioxide. Ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, 4 sí 2,100. Ẹ rí i pé kò ṣòro láti ṣì mú. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ni àṣìmú ń pọ̀ sí i, ewé á sì máa pàdánù nínú ohun tó ti ṣe tán.

Àgbàdo ti rí ọ̀nà gbé e gbà. M. D. Hatch àti C. R. Slack ló ṣàlàyé ọ̀nà náà ní Ọsirélíà ní 1966, ara ìrèké ni wọ́n ti rí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìta inú ewé ló kọ́kọ́ ń mú carbon dioxide, wọ́n ní ẹ́ńsáìmù mìíràn tí kì í ṣi ọ́ksíjìn mú. Wọ́n á wá tì í lọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ká, ibẹ̀ ni Rubisco wà. Carbon dioxide á pọ̀ jọ níbẹ̀ débi pé àṣìmú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ wá rí ìdí tí iṣan àgbàdo fi sún mọ́ra: kò gbọdọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ìta kan tó jìnnà sí sẹ́ẹ̀lì ìdí iṣan. Torí ọ̀nà yìí ni àgbàdo ò fi ní ìṣòro pẹ̀lú oòrùn ọ̀sán gangan, tí omi tó ń lò fi kéré sí ti ẹ̀wà lórí ìwọ̀n oúnjẹ kan náà. Ìrèké, ọkà bàbà, tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀kan ń lo ọ̀nà kan náà.

Ṣùgbọ́n títi carbon dioxide lọ sídìí iṣan yẹn ń gba agbára, ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni agbára ọ̀hún sì ti ń wá. Ẹ wo ilé méjì: ọ̀kan ń fi pọ́ǹpù fa omi sí tánkì, èkejì ń fi korobá fa omi nínú kànga. Lọ́jọ́ tí iná bá wà, onípọ́ǹpù á kún tánkì kí oníkorobá tó fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, oníkorobá ló máa rí omi sè. Àgbàdo ni onípọ́ǹpù, kókò ni oníkorobá, abẹ́ máńgòrò yín ni ilé tí iná ti lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ewé náà ń jẹun fúnra rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń lo ṣúgà láti fi wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ewé tó wà lóòrùn ń ṣe ju èyí tó ń jẹ lọ, àṣẹ́kù ló ń ránṣẹ́ sí ọmọ, iṣu tàbí gbòǹgbò. Ewé àgbàdo tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa lè máa jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣe, kí ohun tó kù má tó nǹkan. Ewé kókò tí ó dàgbà sábẹ́ igi yàtọ̀: ó fẹ̀, ó fẹ́lẹ́, jíjẹ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti fún un lérè. Ilẹ̀ igbó kìjikìji, níbi tó jẹ́ pé nínú ìmọ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan tàbí méjì ló ń dé ìsàlẹ̀, kún fún irú ewé bẹ́ẹ̀. Kòkó náà, abẹ́ igi nínú igbó Amazon ni ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin oòrùn ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ewé rẹ̀, ohun tó bá lé sórí ìyẹn kì í fi ṣe púpọ̀. Àwọn baba wa tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fi ṣe ìbòòji fún ọmọ kòkó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àgbàdo yín fi ga. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé máńgòrò kọjá ti yàtọ̀ sí èyí tó wọlé: ewé òkè ti gba èyí tó pupa nínú rẹ̀, ó ku irú kan tó tayọ pupa, tí ojú ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ohun ọ̀gbìn ń mọ ìyàtọ̀ náà lára, àmì ló jẹ́ fún un pé ẹlòmíràn ti bò ó. Àgbàdo, tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ igi, á wá kó ṣúgà díẹ̀ tó ní lé igi rẹ̀ lórí, á máa sáré gòkè láti wá ojú oòrùn. Láàárín oko, níbi tó jẹ́ pé koríko ló bò ó, eré náà lè gbà á. Lábẹ́ máńgòrò, kò lè dé orí igi láéláé. Nígbà tí àkókò ọmọ bá fi máa tó, ìṣúra ti tán. Ìrùkẹ̀rẹ̀ á yọ lásìkò, ṣùgbọ́n irun ọmọ á pẹ́ kó tó jáde. Okùn irun kọ̀ọ̀kan ló ni hóró kan, bí lẹ́búlẹ́bú orí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá sì ti fẹ́ lọ tán kí irun tó yọ, hóró rẹ̀ ò ní dúró. Ohun tó fa hóró díẹ̀-díẹ̀ tí ẹ rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ewé kan wà tí gbogbo wa mọ̀ tí ọgbọ́n tirẹ̀ tún yàtọ̀: àbámodá. Ní 1815, wọ́n tẹ lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne jáde, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ó ní òun tọ́ ewé àbámodá wò láàárọ̀, ó kan. Òun tún un tọ́ wò ní ọ̀sán, kò kan mọ́. Òru ni àbámodá ń ṣí ihò rẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ sá lọ. Á kó carbon dioxide pamọ́ sínú ewé bí ásíìdì, ìdí nìyẹn tó fi ń kan láàárọ̀. Bí oòrùn bá yọ, á ti ihò pa, á sì máa fi èyí tó kó pamọ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀dúndún àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rí ìdí tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó fi ń fara da ilẹ̀ gbígbẹ, tí kì í sì í kánjú dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko yín. Ẹ gbin kókò púpọ̀ sí i sábẹ́ máńgòrò yẹn. Ata ilẹ̀ á ṣe dáadáa níbẹ̀, ewé tí a fi ń di mọ́ínmọ́ín náà á ṣe, ọmọ igbó ni. Ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ewé lẹ óò rí, ẹ ò ní rí iṣu rẹ̀. Bákan náà ni tẹ̀tẹ̀, tó ń lo ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àgbàdo. Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ̀kan ń dà yín láàmú, ẹ kíyè sí i pé kì í hù dáadáa níbi tó ṣú. Ìbòòji ń pa á torí ìdí kan náà tó fi pa àgbàdo yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká èso máńgòrò tán, ẹ lè gé àwọn ẹ̀ka tó wálẹ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ á wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó fún àgbàdo. Gbòǹgbò máńgòrò tún ń bá àgbàdo du omi níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ lè gbin àgbàdo dé, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì wọn òjìji. Ẹ kan pẹ́ẹ̀gì sí etí òjìji igi náà ní bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní bí aago mẹ́ta. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́. Ní agbègbè yín, oòrùn ọ̀sán ń wà ní ìhà gúúsù nígbà ọyẹ́, òjìji igi á sì na ara rẹ̀ sí àríwá. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, tí àgbàdo wà lóko, oòrùn ọ̀sán ti kọjá sí ìhà àríwá, òjìji á sì yí sí gúúsù. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nínú oṣù kejìlá á fi ibi tó dára sílẹ̀, á sì gbin ibi tí kò dára. Oṣù karùn-ún ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ìta pẹ́ẹ̀gì yẹn ni kí ẹ gbin àgbàdo sí, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọ̀wọ́ méjì, 25 láàárín hóró kan sí èkejì, ẹyọ kan nínú ihò. Bí ẹ bá gbìn ín há ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa ṣíji bo ara wọn, ẹ óò sì tún rí ohun tí ẹ rí lábẹ́ máńgòrò. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi yúríà sí, á wúlò níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá sì yọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó wà lókè rẹ̀ fún ewúrẹ́ títí hóró á fi le, torí àwọn ló ń bọ́ ọmọ náà jù. Bí ó bá di dandan kí wọ́n já ewé, kí wọ́n já ti ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó ti ń pọ́n.